Bàtà Kan Ṣoṣo Lẹ́nu Ọ̀nà Ṣọ́ọ̀ṣì

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ọmọ-ọmọ mi jókòó sẹ́yìn ilé, ó ń fi pọ́líìṣì kun bàtà ilé-ìwé rẹ̀. Èmi ti fẹ̀yìn ti ògiri, orúnkún ń ro mí, oorun sì ti fẹ́ gbé mi lọ. Òórùn pọ́líìṣì yẹn ló jí mi. Kí n tó mọ̀, mo ti padà dé Ìgbó-Ọrà ìgbà tí ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, tí ọjọ́ orí mi kò ju mẹ́wàá lọ. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ fara balẹ̀ gbọ́, nítorí n kò lágbára àtisọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Wolé-wolé ni bàbá Mójí, ọ̀rẹ́ mi. Ará Èkìtì ni, iṣẹ́ ìjọba ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ ò mọ wolé-wolé. Òun ni yóò wọ agboolé yín láàárọ̀ kùtùkùtù, tí yóò ṣí ìkòkò omi yín wò. Bó bá rí tanwíji níbẹ̀, ẹjọ́ dé nìyẹn. Gbogbo àdúgbò ló kórìíra rẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè kórìíra ọmọ rẹ̀. Ìyá mi, tó máa ń pe wolé-wolé ní ọ̀tá ìkòkò, ló tún máa ń bu oúnjẹ fún Mójí kó tó bu tèmi. Bí a bá ti ilé-ìwé dé, àwa méjèèjì a jókòó ti igbá ẹ̀gúsí, a ó máa bó o títí èékánná yóò fi máa ta wá. Iṣẹ́ yẹn kì í tán, ṣùgbọ́n bí Mójí bá wà níbẹ̀, n kì í mọ̀ pé ó ń pẹ́.

Ní ọjọ́ kan, Mójí wá bá mi, ojú rẹ̀ pọ́n. Ìjọba ti ní kí bàbá rẹ̀ máa bọ̀ ní Èkìtì. Lọ́jọ́ Àìkú, ṣọ́ọ̀ṣì wọn yóò gbàdúrà ìdágbére fún wọn, ọkọ̀ ẹrù yóò sì gbé wọn níbẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

"O gbọ́dọ̀ wá o," ló wí. "Bí mi ò bá rí ẹ, màá mọ̀ pé ìwọ náà ń bínú sí bàbá mi bíi gbogbo wọn."

Mùsùlùmí ni wá láti ọjọ́ pípẹ́, n kò sì wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí láyé mi. Mo fi ìbẹ̀rù sọ ọ́ fún bàbá mi. Ó ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ilé Ọlọ́run náà ni. Bó o ṣe ń ṣe ní mọ́sálásí ni kó o ṣe níbẹ̀." Bàbá mi fẹ́ràn mi, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn yẹn ló kó bá mi.

Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, mo bọ́ sílípáàsì mi, èyí tí okùn rẹ̀ já tí bàbá mi fi wáyà so. Kò sí bàtà mìíràn níbẹ̀. Mo ní bóyá èèyàn ò tíì dé. Àfi bí mo ṣe wọlé tí mo rí i pé ilé kún fọ́fọ́, tí kálukú wọ bàtà rẹ̀ jókòó. Ojú tì mí fún wọn. Mo wá ẹní, n kò rí i, ni mo bá jókòó sórí sìmẹ́ńtì, ní igun, lẹ́yìn gbogbo bẹ́ǹṣì, níbi tó yẹ ọmọbìnrin. Ìyá arúgbó kan bẹ̀rẹ̀ sí mi, ó ní, "Dìde, ọmọ mi, àyè wà níhìn-ín." Mo kàn mi orí. Ní tiwa, ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ nígbà tí lèmọ́mù ń wàásù ti ba ìjọsìn ara rẹ̀ jẹ́.

Wọ́n dìde, wọ́n kọrin, wọ́n jókòó, wọ́n tún dìde. Ó rẹ̀ mí fún wọn. Nígbà tó yá, wọ́n pe wolé-wolé àti ìdílé rẹ̀ síwájú. Mo gba àárín èèyàn yọjú, mo rí Mójí. Ó ń wò kiri. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó na ọrùn wo bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn pátápátá, ojú rẹ̀ sì gba orí mi kọjá. Ó yẹ kí n dìde. Ó yẹ kí n pariwo orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àdúrà ló ń lọ lọ́wọ́, n kò sì fẹ́ ba àdúrà ọ̀rẹ́ mi jẹ́. Mo jókòó síbẹ̀ bí òmùgọ̀, mo ń sunkún.

Wọn ò tíì ṣe àmín tán tí awakọ̀ ti ń fun fèrè. Wọ́n jáde, ìjọ sì wọ́ tẹ̀lé wọn, ẹsẹ̀ àwọn èèyàn dí mi mọ́ igun. Nígbà tí mo fi rápálá já síta, eruku ọkọ̀ nìkan ló kù.

Mo wo ibi tí mo bọ́ sílípáàsì sí. Kò sí níbẹ̀ mọ́. Bàtà aláwọ dúdú kan ló wà níbẹ̀, tọ̀tún tòsì, bàtà ọjọ́ Àìkú Mójí, ó ń dán, ó sì ń rùn fún pọ́líìṣì. Ta ni ìbá tún bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì bí kò ṣe èmi? Ó dá wáyà bàbá mi mọ̀. Ó mọ̀ pé mo wá. Sílípáàsì jákujàku yẹn ló wọ̀ lọ sí Èkìtì.

Bàtà náà há mi lẹ́sẹ̀. Mo fi ṣe ọdún Iléyá méjì kó tó di ti àbúrò mi. N kò rí Mójí mọ́. Ẹ̀yin lè fi fóònù wá ọ̀rẹ́ yín kí iṣu tó jinná. Èmi ti bi gbogbo ará Èkìtì tí mo bá pàdé títí ó fi rẹ̀ mí. Wolé-wolé ò wọlé ẹnikẹ́ni mọ́, tanwíji nìkan ló ṣẹ́ kù.

Orúnkún mi kò gba kí n jókòó sílẹ̀ mọ́. Ní mọ́sálásí, àga ni wọ́n ń gbé fún mi láàárín àwọn obìnrin, orí mi a sì yọ ju ti gbogbo wọn lọ. Ó máa ń tì mí lójú díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Mójí bá yọjú lẹ́nu ọ̀nà lónìí, èmi ni yóò kọ́kọ́ rí.