Obìnrin Aránṣọ Inú Ìwé Ẹjọ́ àti Àlàájà Ará Ilé Mi

Òórùn tùràrí ló máa ń jí mi láàárọ̀ ní ilé tí a kọ́kọ́ gbé ní Al-Baghdadiyah, ní ìlú Jẹ́dà. Àwa kọ́ la ń sun ún. Àlàájà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ni, ìyá àgbàlagbà kan tí ògiri kan ṣoṣo là láàárín pálọ̀ tirẹ̀ àti tiwa. Bí tùràrí náà bá ti ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, mo ti mọ̀ pé ìyá ti kírun tán, pé láìpẹ́ yóò fi ọwọ́ gbá ògiri láti mọ̀ bóyá mo ti jí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó ni nígbà náà. Ọkọ mi ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ilé ìwòsàn kan, mo sì tẹ̀ lé e láti Ìbàdàn, mo gbé ẹrù díẹ̀ àti ẹ̀rù púpọ̀ dání.

Mẹ́kà ni wọ́n bí Àlàájà sí. Bàbá bàbá rẹ̀ ló kúrò ní Ìlọrin láyé àtijọ́, tó fẹsẹ̀ rìn lọ sí Hájì, tó ń ṣiṣẹ́ jẹun lójú ọ̀nà, tí kò sì padà sílé mọ́. Ìyá náà kò fojú kan Ìlọrin rí, síbẹ̀ Yorùbá ẹnu rẹ̀ jinlẹ̀ ju tèmi lọ. Àwọn ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ kẹ́yìn lẹ́nu ìyá mi àgbà ló fi ń bá mi ṣeré. Ó ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo, olùkọ́ ni ní Mẹ́kà. Bí ìyá bá fi Yorùbá sọ ọ̀rọ̀ gígùn, Lárúbáwá kúkúrú ni ọmọ fi ń dá a lóhùn, wọ́n á sì gbọ́ra wọn yé dáadáa. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ni Àlàájà ti ń pè mí ní Ìyàwó, èmi náà sì ń pè é ní Mọ́mì.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nínú ilé ló sọ wá di ọ̀rẹ́. Èdè Potogí ni mo kà ní yunifásítì, ẹ̀kọ́ tí gbogbo ẹbí fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lé lórí pé ta ni mo fẹ́ máa bá sọ ọ́. Ilé ẹ̀kọ́ kan lókè òkun wá gbà mí pé kí n máa ka àwòrán ìwé ẹjọ́ àtijọ́ láti Bùràsíílì, láti ìgbà tí Potogí ṣì ń ṣàkóso ibẹ̀, kí n sì máa tẹ ohun tí mo bá kà sínú kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ àwọn Júù tí ọba Potogí fi tipátipá ṣe ìrìbọmi fún ló wà nínú wọn. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ọmọ wọn kọjá òkun lọ sí Bùràsíílì kí ara lè tù wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ ìjọ tọ̀ wọ́n lẹ́yìn débẹ̀, wọ́n ń wá ẹni tó ṣì ń ṣe ẹ̀sìn àwọn baba ńlá rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ẹni tí ọwọ́ wọn bá bà, wọ́n á tì í mọ́lé, wọ́n á gba dúkìá rẹ̀, nígbà mìíràn wọ́n á dáná sun ún.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Àlàájà gbé kọfí àti dábínù wá, ó bá mi níbi tí mo ti fi ojú lé kọ̀ǹpútà.

"Ìyàwó, kí lò ń kà láti àná tí kò tán?"

Mo sọ fún un pé ẹjọ́ obìnrin kan ni, opó tó ń rán aṣọ jẹun. Ó ní kí n kà á sókè. Mo ń kà, mo ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá bí mo ṣe lè túmọ̀ rẹ̀ mọ. Wọ́n ní obìnrin náà máa ń wọ aṣọ mímọ́ ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀. Wọ́n ní kì í jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀, pé bí wọ́n bá fi lọ̀ ọ́, á ní inú ń run òun. Wọ́n ní nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ó da gbogbo omi inú ìkòkò ilé nù, bí àwọn Júù ṣe máa ń ṣe bí èèyàn bá kú.

Àlàájà gbé ife kọfí sílẹ̀. "Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ nìyẹn, Mọ́mì."

"Pé ó wọ aṣọ mímọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀? Pé kò jẹ ẹlẹ́dẹ̀?" Ó pàtẹ́wọ́. "Wàláì, èmi náà ì bá ti wọ gàù!"

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Nígbà tó yá, ó bèèrè ẹni tó lọ fẹjọ́ obìnrin náà sùn. Mo ní ará ilé rẹ̀ ni, obìnrin tí wọ́n jọ pín ògiri. Bí mo ti sọ ọ́ tán ni ojú tì mí.

Ìdí rẹ̀ rèé. Ní ọ̀sán Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan, àwa Kìrìsìtẹ́nì mélòó kan láti Nàìjíríà máa ń pàdé ní pálọ̀ wa, nítorí pé kò sí ṣọ́ọ̀ṣì kankan ní ìlú náà, a ó kọrin díẹ̀, a ó gbàdúrà, a ó jẹun. Ọkọ mi ní kò sẹ́ni tó dí wa lọ́wọ́ láti gbàdúrà nínú ilé wa, bí a kò bá ti pariwo. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí ikú ilé kò pani, tòde kò lè pani, àwọn ìwé tí mò ń kà sì ti jẹ́ kí n máa wo gbogbo ògiri bí ẹni pé ó létí. Ọgbọ́n tí mo dá ni pé bí orin bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, màá tan ẹ̀rọ ìfọṣọ kí ariwo rẹ̀ lè bò wá mọ́lẹ̀. Aṣọ kankan kò sí nínú rẹ̀. Mo rò pé orí mi pé nígbà náà.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí òwúrọ̀ kan tí Àlàájà kì í bèèrè obìnrin aránṣọ. "Obìnrin wa ńkọ́? Ṣé wọ́n ti fi í sílẹ̀?" Bí mo bá ní rárá, á mí kanlẹ̀, á ṣẹ́ àwọn adájọ́ náà ní èpè kékeré. Inú mi kì í dùn tó bá ń ṣépè bẹ́ẹ̀, nítorí pé àgbélébùú tí wọ́n gbé lé orí tábìlì ìdájọ́ ni èmi náà ń kọrin sí. Mo sọ fún un lọ́jọ́ kan. Ó wò mí, ó ní, "Ìyàwó, ìwọ kọ́ lo mú un. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra. Ọmọ aráyé ni kò jẹ́."

Ọ̀sán Jímọ̀ kan la wà nínú orin tí ilẹ̀kùn fi dún. Nígbà tí mo ṣí i, háárìsì tó ń ṣọ́ ilé ló dúró níbẹ̀ pẹ̀lú aṣojú onílé, ọkùnrin kan tó gbé ojú le. Ó ní ẹni tó ń gbé lókè wa ti mẹ́jọ́ wá: bàtà kún ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn ń gbà kọjá, ariwo sì ń jáde. Ó ní tọkọtaya ni òun fi ilé fún, òun kò fi í fún èrò. Ó bèèrè pé ìpàdé kí ni èyí. Lárúbáwá mi sá lọ. Lẹ́yìn mi, orin ti dákẹ́, ẹ̀rọ ìfọṣọ nìkan ló ń pariwo. Mo rò ó pé bí wọ́n bá lé wa síta lónìí, ọ̀rọ̀ á dé ibi iṣẹ́ ọkọ mi, ibẹ̀ sì ni ìkámà, ìwé àṣẹ tí a fi ń gbé ìlú, wà.

Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀kùn Àlàájà ṣí. Mi ò ní purọ́. Mo ní ó ti parí, ẹlẹ́rìí ti dé.

Ìyá náà kò wo ojú mi rárá. Ó kí àwọn ọkùnrin náà, ó sì fi Lárúbáwá Mẹ́kà tó dán mọ́rán bá wọn sọ̀rọ̀. Ìwọ̀nba tí mo gbọ́ nìyí: "Ọmọ mi ni. Àlejò rẹ̀, àlejò mi ni. Ṣé bàtà ló ń yọ yín lẹ́nu? Bàtà kò ní sí mọ́." Ló bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tòun ti orúnkún tó ń dùn ún, ó ń kó bàtà wa mọ́ra bí ẹni kó ọmọ adìyẹ, ó ń kó wọn lọ sínú ilé rẹ̀. Ojú ti aṣojú onílé láti máa wo ìyá àgbà tó ń bẹ̀rẹ̀. Ó fà á dúró, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó èyí tó kù wọlé fún un, háárìsì náà sì gbé tọkọ mi tó tóbi jù. Nígbà tí wọ́n parí, aṣojú náà ṣàdúrà fún Àlàájà, ó ní kí a rọra máa ṣe, wọ́n sì lọ.

Mo fẹ́ kúnlẹ̀ dúpẹ́. Kò jẹ́ kí n kúnlẹ̀.

"Ìyàwó, aṣọ wo lẹ máa ń fọ̀ ní gbogbo Jímọ̀ tí mi ò rí i lórí okùn rí?"

Gbogbo pálọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó yí padà lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Orin kejì yẹn, ẹ máa ń fà á jù. Oorun ló fi máa ń kùn mí." Láti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ilé Àlàájà ni a ń kó bàtà sí kí a tó wọ tiwa. Orin kejì náà sì yá sí i.

Ẹjọ́ obìnrin aránṣọ kò yọrí sí ibì kan. Ikán ti jẹ ìparí ìwé náà; ibi tí ó ti ń sọ fún àwọn adájọ́ pé òun kò ní ohun mìíràn láti sọ ni ọ̀rọ̀ ti já. Nígbà tí mo sọ fún Àlàájà, ó bínú sí mi bí ẹni pé èmi ni mo jẹ ìwé náà. "O kà á, kà á, o wá gbé e sílẹ̀ sínú túbú?" Ọjọ́ yẹn kò mu kọfí.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni àtẹ̀gùn ilé wa di ìṣòro fún orúnkún rẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì wá mú un lọ sí Mẹ́kà. Ìlú tí àwa tí kì í ṣe Mùsùlùmí kì í wọ̀ ni. Mi ò mọ̀ pé ìrìn àjò tí kò jìnnà lè jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ ọkọ mi parí tí a sì fẹ́ padà sílé, Àlàájà ní òun kò ní dágbére lórí fóònù. Ọmọ rẹ̀ fi mọ́tò gbé e wá sí ilé epo kan lójú ọ̀nà Mẹ́kà, níbi tí èmi náà lè dé, a sì jókòó nínú ilé oúnjẹ kékeré tó wà níbẹ̀. Ó ti rù díẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú, kò sì fi í sílẹ̀ títí oúnjẹ fi tutù.

"Mo lọ sí Háràmù, mọ́sálásí ńlá wa, lọ́jọ́ Jímọ̀," ló wí. "Mo rántí obìnrin wa. Mo ní, Ọlọ́run, àwọn adájọ́ yẹn ti kú, ìwé wọn ti jẹrà. Ìwọ lo mọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Bá a parí ẹjọ́ rẹ̀."

Ọmọ rẹ̀ fi Lárúbáwá sọ ọ́ wẹ́rẹ́ pé a kì í gbàdúrà báyẹn fún ẹlẹ́sìn mìíràn. Ìyá rẹ́rìn-ín. "Mi ò bẹ̀bẹ̀ ohunkóhun fún un. Ẹjọ́ tó wà nílẹ̀ ni mo ní kí Adájọ́ dá. Ṣé ìyẹn náà burú?" Ọmọ rẹ̀ gbọn orí, òun náà sì rẹ́rìn-ín.

Ìbàdàn ni mo wà báyìí, mo sì ti ka ẹjọ́ púpọ̀ lẹ́yìn tirẹ̀. Láàárín wọn ni mo ti rí i pé ìwà ibi lèèyàn sábà máa ń kọ sílẹ̀ fínnífínní, tòun ti ọjọ́ àti ìbúwọ́lùwé. Ẹni tó gbọ́ orin lẹ́yìn ògiri tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni kì í ní ìwé. Nítorí náà ni mo ṣe kọ èyí. Àlàájà ṣì wà láyé, ó ń bínú bí mi ò bá tètè pè é. Ìlú tí ẹsẹ̀ mi kò lè tẹ̀ ni, ṣùgbọ́n mo ní ìyá níbẹ̀.