Orúkọ Tí N Kò Yí Padà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ wá gbọ́ tèmi.

Láàárọ̀ yìí ni mo kà á nínú ìwé tó ń kọ́ni bí a ṣe ń tún ìtàn ṣe: "Yí orúkọ àwọn alààyè padà kí ẹnikẹ́ni tó kà á."

Yéè! Ìtàn mi ti wà lọ́wọ́ Mọ́rìn, atẹ̀wé ní Ìkirè, orúkọ Bàbá Àjàní, oníkòkó tó ń fi òṣùwọ̀n rẹ́ni jẹ, sì wà níbẹ̀. Mo gun kẹ̀kẹ́ láti Apòmù lọ bá a, eré burúkú.

Mọ́rìn ní, "Tíṣà, ṣé bàbá mi lẹ kọ yìí?"

Kí n tó dáhùn, Bàbá Àjàní fúnra wọn wọlé. "Ìtàn yín rèé? Ẹ ka díẹ̀ fún mi."

Mo kà á, mo sọ Àjàní di Lámidi.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Olè gidi ni Lámidi yìí!" Wọ́n wá tẹjú mọ́ mi.

Ẹ gbà mí o, àbí wọ́n ti mọ̀?