Ẹrẹ̀ Ìsàlẹ̀ Kẹ́ẹ̀gì

Inú ń bí mi, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀ mí pé kí n dákẹ́. Mo ti dákẹ́ jù.

Ìjọ aláṣọ funfun tí èmi àti àbúrò mi obìnrin ń lọ ní Ìdímù ní àṣà kan. Lọ́dọọdún, tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, àwọn àgbà ìjọ á lọ gbàdúrà lórí òkè kan tó jìnnà sí Èkó, wọ́n á sì pọn omi odò tó ń ṣàn kọjá ní ẹsẹ̀ òkè náà sínú kẹ́ẹ̀gì. Àwọn aláìsàn àti aláboyún ni wọ́n ń fún mu. Kí wọ́n tó bù ú, wọ́n á mi kẹ́ẹ̀gì jìgìjìgì kí ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ lè dìde. Wọ́n ní ẹni tó bá da ẹrẹ̀ nù, ìbùkún ló dà nù.

Mo mọ odò yẹn. Ẹ̀bá rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, lókè ibi tí wọ́n ti ń pọn omi. Nígbà tí àwọn tó ń wa wúrà dé, èmi náà bá wọn fọ iyanrìn. Wọ́n á lọ òkúta bí ẹni lọ àgbàdo, wọ́n á ṣa wúrà tín-ín-tín inú rẹ̀, wọ́n á da ìyókù sódò. Òjé, irin olóró kan, wà nínú òkúta náà. Ta ló sọ fún wa? Ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́ta, bẹ̀rẹ̀ sí í gan. A ní gìrì ni. A se àgbo fún un, omi odò yẹn náà la fi sè é. Ọmọ náà kú. Ohun tí mo sọ fún àbúrò mi, tó dàgbà sí Èkó, ni pé gìrì ló pa á.

Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni nọ́ọ̀sì tó wá gba ẹ̀jẹ̀ wa ṣàlàyé. Òjé kì í fi bẹ́ẹ̀ dá rìn nínú omi, ara ẹrẹ̀ ló ń lẹ̀ mọ́. Lẹ́ẹ̀rùn, á sùn sí ibi tí odò ti ń rọra lọ. Tí òjò bá rọ̀, àgbàrá á tún gbé e dìde, á gbé e lọ bá àwọn tí kò rí òkúta náà rí. Mo sá wá sí Bárúwà ní Èkó, mo ń ta píọ̀ wọ́tà, omi inú ọ̀rá. Ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n tí mo bá gbé ife. Àwọn tó da òkúta sódò ti fi wúrà wọn kọ́lé.

Lọ́dún yìí, àbúrò mi lóyún lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá tó ti ń wá ọmọ. Lọ́jọ́ Ìsinmi, Ìyá Ìjọ pè é síwájú, ó sì gbá kẹ́ẹ̀gì mú, ó ń mì í. N kò mọ ìgbà tí mo dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ má fún un."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ó ti dé o! Ìyá olómi! Ṣé píọ̀ wọ́tà lo fẹ́ ká máa gbé gun orí òkè ni?"

Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín.

"Odò yẹn ló pa ọmọ mi."

Ẹ̀rín dá. Ìyá Ìjọ gbé kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀. "Ọdún mélòó lo ti ń wò wá tí à ń mu ún?"

Ọdún mẹ́fà. Mo di àbúrò mi lọ́wọ́ mú, a jáde.

Lójú ọ̀nà, àbúrò mi dúró. "Àǹtí mi, mo mu ún lọ́dún tó kọjá. Mo mu ún lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ wà níbẹ̀."

"Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé wọ́n á ní ọ̀tá ìjọ ni mí."

"Ẹ̀rù ohun tí wọ́n máa sọ wá ju ẹ̀mí mi lọ, àbí?"

Lọ́jọ́ kejì, a lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ìgàndó. Àbúrò mi na apá fún ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀, kò wo ojú mi.

"Aláboyún mẹ́rin mìíràn ló wà ní ìjọ," ló wí. "Ẹ lọ bá wọn nílé, kẹ́ ẹ sọ fún wọn fúnra yín. Mi ò ní bá yín sọ ọ́."

Èsì àyẹ̀wò rẹ̀ kò tíì jáde. Mo ti dé ilé méjì. Ní àkọ́kọ́, obìnrin náà da omi rẹ̀ nù, ó sì bú sẹ́kún. Ní ìkejì, ní Ẹgbẹ́dá, ọkọ aláboyún náà ti ìlẹ̀kùn mọ́ mi lójú. Mo tún kan ìlẹ̀kùn náà.