Ẹni Tí Ó Ń Kọ́kọ́ Tọ́ Kọfí Wò ní Moshie Zongo

Ní oṣù kẹta ọdún 1994, nígbà tí kò tíì pé ọdún kan tí mo jáde ilé-ìwé, ni mo kọ́kọ́ pàdé Bàbá Màmúdù oníkọfí, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Moshie Zongo, àdúgbò wa. Ó pè mí kí n bá òun ka ìwé tí wọ́n fún un ní ọsibítù. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni pé ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù, àti pé ó léwu fún ọkàn rẹ̀. Kí ó jáwọ́ nínú kọfí tí a sè pọ̀ mọ́ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Bí ó bá gbọ́dọ̀ mu ún, kí ó fi bébà sẹ́ ẹ, nítorí bébà a máa dá ọ̀rá kọfí dúró.

“Ṣé asẹ́ kò tó ni?”

“Kò tó, Bàbá. Ojú asẹ́ fẹ̀ jù.”

Ó ti lé ní ogún ọdún tí Bàbá ti ń se kọfí pẹ̀lú kànáfùrù àti ata-ilẹ̀, ìkòkò mẹ́fà lóòjọ́. Òun ni ó sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mu ife kan nínú ìkòkò kọ̀ọ̀kan kí àwọn oníbàárà tó gbà á, kí wọ́n lè mọ̀ pé kò sí ohun búburú nínú rẹ̀.

Mo tọrọ bébà ìsẹ́ díẹ̀ lọ́wọ́ olùkọ́ kẹ́mísírì wa. Kò tó ti gbogbo ènìyàn. Nítorí náà, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ife tirẹ̀ nìkan ni Bàbá sẹ́. Kọfí náà ń kán díẹ̀díẹ̀, gbogbo àwọn oníbàárà sì ń wò ó. Issahaku, awakọ̀ ẹrù, gbé ife rẹ̀ kalẹ̀.

“Bàbá, tiyín mọ́ bí oyin, tiwa dúdú bí ẹrẹ̀. Kí lẹ fi sínú tiwa?”

“Dókítà ni ó ní kí n máa sẹ́ ẹ.”

“Ṣé dókítà yín kò rí àyà tiwa ni?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mu. Àwọn méjì dìde. Bàbá na ọwọ́ sí ife tí a kò sẹ́. Sherifatu, ìyàwó rẹ̀ tí ó bí Asana fún un, fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu ife náà, bí ó tilẹ̀ gbóná.

“Bàbá Asana, ẹ fi sílẹ̀.”

“Ìyá Asana, wọ́n ń lọ.”

“Ṣé wọn yóò bá mi ṣe opó ni?”

Ìyá Asana fúnra rẹ̀ gbé ife náà, ó mu ún tán, ó sì kọ ẹnu ife náà sí Issahaku kí ó rí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀.

“Ṣé ó tó, àbí kí n bá ọ mu tìrẹ náà?”

Issahaku mu tirẹ̀. Àwọn méjì náà padà jókòó.

Ó di ọdún kan àti oṣù mẹ́rin báyìí tí Ìyá Asana ti ń tọ́ ìkòkò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wò lójoojúmọ́ dípò Bàbá. Àyà Bàbá ti fúyẹ́ díẹ̀. Kò sí ẹni tí ó tíì yẹ ẹ̀jẹ̀ Ìyá wò. Bí mo bá dá a lábàá, ó máa ń sọ pé iṣẹ́ pọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, mo bá a lórí àpótí ìjókòó, ó fi ọwọ́ tẹ àyà, kò sì fẹ́ kí Bàbá rí òun.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra kọfí níbẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ máa mu tiyín láìní kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.