Omi Tó Ti Wà Nínú Garawa

Tí òjò bá ń kán sínú garawa, mo máa ń gbóòórùn èédú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní Ibiade, Mọ́mì fi èédú kọ y = 3x + 2 sára ògiri. Ọjọ́ kejì ni òun fúnra rẹ̀ máa ṣe ìdánwò ìṣirò.

"Mẹ́ta ni ìdagẹ̀rẹ̀, bí ìlà ṣe ń gòkè. Kí wá ni méjì yìí ń ṣe níbẹ̀?"

"Ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni, Mọ́mì, bí omi inú garawa kí òjò tó dé."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Òun náà ni! Ibẹ̀ ni ìlà ti gbéra. Bí ìwọ náà ṣe ti wà kí n tó tún bẹ̀rẹ̀." Ó fi ìka èédú kàn mí nímú.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìgbà tó lóyún mi ló fi iléèwé sílẹ̀.