Aago Bàbá Mi Tí Mo Fi Ọsàn Wẹ́wẹ́ Fọ̀

Òórùn ọṣẹ àti sípíríìtì ló máa ń wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀ ilé ìwòsàn tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Chicago ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, òórùn tútù kan tó máa ń bá mi délé ní Albany Park. Iṣẹ́ mi ni láti máa ti àwọn aláìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà lọ síbi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò inú ara. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ti bẹ́ẹ̀dì òfìfo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gbẹ́ni kan tó ń fi ẹ̀rọ kékeré yẹ ilẹ̀ àti tábìlì wò, bóyá ìtànṣán búburú wà níbẹ̀. Bí mo ṣe kọjá, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta pà-pà-pà bí àgbàdo inú ìkòkò gbígbóná. Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

"Màdáámù, dúró níbẹ̀." Ó gbé ẹ̀rọ náà sún mọ́ ikùn mi, ariwo rẹ̀ dínkù. Ó gbé e sún mọ́ ọwọ́ òsì mi, ó tún ké. "Níbo lo ti rí aago yìí?"

"Ti bàbá mi ni. Èmi ni mo tún un ṣe fúnra mi." Mo ṣì ń fi yangàn nígbà náà.

"Ṣé o ṣí gíláàsì ojú rẹ̀?"

Ojú tó fi béèrè ni mo fi mọ̀ pé nǹkan ti ṣe. Oyún inú mi ti ń ta ẹsẹ̀ lákòókò yẹn.

Ṣáájú ìgbà yẹn ni bàbá mi kú ní Ìwó. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pín ilé àti oko, wọ́n sì fi aago ọwọ́ rẹ̀ rán ẹnìkan tó ń bọ̀ ní Amẹ́ríkà sí mi, wọ́n fi ìbọ̀sẹ̀ wé e. Aago náà ti kú. Inú mi dùn sí i ju ilẹ̀ lọ, nítorí àwọn nọ́ńbà rẹ̀ máa ń tàn nínú òkùnkùn. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí mo bá rí ìmọ́lẹ̀ kékeré aláwọ̀ ewé yẹn tó ń rìn lọ síbi àlùwàlá, mo mọ̀ pé bàbá ti jí, pé ìrun àsùbá ti tó. Mo fẹ́ kó ṣiṣẹ́ kí ọmọ mi tó dé. N kò mọ nǹkankan nípa aago. Mo ra àwọn irin tín-ín-rín tí wọ́n fi ń tú nọ́ọ̀tì rẹ̀, mo fi epo láítà fọ inú rẹ̀, mo pàdánù nọ́ọ̀tì kan sínú kápẹ́ẹ̀tì, mo sì fi ìkúnlẹ̀ wá a rí. Ọkọ mi á kọjá, á ní, "Dókítà aago, ṣé aláìsàn rẹ ò tíì kú?" Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, aago náà ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Mo pariwo títí ó fi sáré wọlé.

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti dúró. Ṣùgbọ́n ojú aago náà dọ̀tí, àwọn nọ́ńbà rẹ̀ ti pọ́n bí àbàwọ́n tíì. Nílé wa, ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú la fi ń fọ àwo bàbà tó bá ti ṣú; bí ìyá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn. Mo bu eérú níbi tí ọkọ mi ti ń sun ẹran lẹ́yìn ilé, mo sì fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Mo wé àkísà mọ́ ẹnu igi ìtayín, mo ń fi ahọ́n rin ín, mo ń ha àwọn nọ́ńbà náà, mo sì ń fẹ́ ìyẹ̀fun wọn dànù. Lórí tábìlì tí a ti ń jẹun ni.

Ọ̀gbẹ́ni ẹlẹ́rọ náà ṣàlàyé fún mi pé ọ̀dà aago àtijọ́ yẹn, ohun kan tó ń jẹ́ rédíọ̀mù ni wọ́n pò mọ́ ọn kó lè máa tàn. Lábẹ́ gíláàsì, kò fi bẹ́ẹ̀ burú. Bí ènìyàn bá gbé e mì, inú egungun ló ń lọ jókòó sí. Wọ́n gbé aago bàbá mi sínú àpótí òjé, n kò sì rí i mọ́. Dókítà tí wọ́n mú mi lọ bá ní ó ṣeé ṣe kí ohun tó wọ inú mi má tó nǹkan, pé ẹ̀rọ ńlá kan lẹ́yìn ìlú ló lè sọ, ṣùgbọ́n wọn ò ní í lè pè mí wá dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀ títí n ó fi bímọ. Mo béèrè nípa ọmú.

"Mi ò rò pé ó léwu," ló wí, "ṣùgbọ́n mi ò lè búra."

Ìdajì kejì nìkan ni mo gbọ́.

Mo bí obìnrin, ara rẹ̀ le. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin wá láti ìlú Aurora láti máa wẹ ọmọ fún wa. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. "Ìyàwó, ọmọ ń ké, o ń wo ògiri. Ṣé ògiri ló máa fún un lọ́mú?"

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi po mílíìkì."

"Mílíìkì ìgò! Ọmú tó kún àyà rẹ yẹn ńkọ́, ṣé fún ṣíṣe fáàrí ni?"

N kò sọ ìdí fún un. Ẹ̀rù ń bà mí pé yóò tẹ Nàìjíríà láago. Ọ̀já tí mo rà láti fi pọn ọmọ ni mo fi di àyà mi. Bí ọmọ bá ti ké, omi ọmú á ya fúnra rẹ̀, á rin aṣọ mi. Mo ń fún un dànù sínú síńkì ilé ìwẹ̀, mo ń ṣí omi lé e lórí kí wọ́n má baà gbọ́ ẹkún mi. Ibẹ̀ ni Àǹtí bá mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Mo wá sọ gbogbo rẹ̀. Ó pa omi náà, ó sì jókòó sí etí ibi ìwẹ̀.

"Ò bá ti sọ fún mi," ló wí. "À bá jọ máa bẹ̀rù ẹ̀."

Ìgbà tí wọ́n fi pè mí, omi ọmú náà ti ń dínkù. Mo dùbúlẹ̀ nínú yàrá onírin kan tí ògiri rẹ̀ nípọn, mo sì padà wá sílé láti dúró de èsì. Ní ọjọ́ tí dókítà pè wá, ó ní ara mi mọ́, pé ohun tó wà nínú egungun mi kò ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ọkọ mi ṣe alhamdulilahi títí ohùn rẹ̀ fi há. Níta, nínú mọ́tò, mo gba ọmọ lọ́wọ́ Àǹtí, mo tú bọ́tìnnì mi, mo fi ọmú sí i lẹ́nu. Ó fà á, ó dúró, ó wò mí bí ẹni tó ń wo àlejò, ó sì bú sẹ́kún. Kò sí nǹkankan níbẹ̀ mọ́. Àǹtí ṣí àpò rẹ̀, ó mú ìgò jáde.

Ọmọ náà ti di obìnrin, kò sí ohun tó ṣe é, kò sì mọ̀ pé mo fi nǹkan kan dù ú. Mo dúpẹ́ pé mo la ewu náà já. Ṣùgbọ́n kò sí ewu tí mo là já: aago náà kò ṣe mí ní nǹkankan, ọwọ́ ara mi ni mo fi gba ọmú lẹ́nu ọmọ mi. Títí dòní, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ní mọ́ṣáláṣí, bí ìyá kan bá jókòó tì mí tó fẹ́ fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú, mo máa ń dìde lọ wá bàtà mi.