Irùngbọ̀n bàbá tó jókòó tì wá nínú bàálù

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, a ti gúnlẹ̀ sí Kútọnu láti Paris, ẹ̀rín ò sì tíì kúrò lẹ́nu mi.

Èmi nìkan ni mo kó àwọn ọmọ mi méjèèjì wá. Fóònù tí wọ́n fi ń wo àwòrán kú lójú ọ̀run, ni igbe bá ta.

Bàbá kan jókòó tì wá, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ó gùn dé àyà. Ẹ̀rù ń bà mí pé yóò bínú.

Àfi bí Àbẹ̀kẹ́, ọmọ ọdún márùn-ún, ṣe wò ó lójú: "Bàbá, ṣé kí n bá yín di irun yín?"

Ojú tì mí gan-an.

Bàbá ní: "Ṣé o mọ̀ ọ́n dì?"

"Mo máa ń di ti ọmọláńgidi mi."

"Ó dáa, máa bọ̀. Ṣùgbọ́n rọra fà á o."

Àbẹ̀kẹ́ ń dì í, àbúrò rẹ̀ ń tú rọ́bà orí tirẹ̀ fún un. N kò gbọ́ igbe mọ́ títí a fi balẹ̀.

Mo fẹ́ tú u, bàbá di irùngbọ̀n rẹ̀ mú: "Fi í sílẹ̀, ọmọ mi. Ìyàwó mi ń dúró níta."

Nígbà tí ìyá náà rí i, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àpótí ọkọ rẹ̀.

Ẹ̀yin tó ti kó ọmọ wẹ́wẹ́ wọ bàálù rí, ta ló gbà yín sílẹ̀?